Alágẹmọ Bàbá Mi Nínú Ṣógíláàsì

Nígbà tí mo lọ mú bàbá mi ní Ìmẹ̀kọ, ó ní òun ò ní bá mi lọ sí Ìlaròó àfi bí alágẹmọ òun bá máa bá wa lọ.

Mo kọ́kọ́ rò pé eré ló ń ṣe. Bàbá mi fẹ́ràn kó máa fi èèyàn ṣe yẹ̀yẹ́, pàápàá èmi tí inú mi kì í pẹ́ẹ́ ru. Ṣùgbọ́n ó jókòó sórí àga rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ó na ẹsẹ̀ òsì tí egbò wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ síwájú, ó ń wo ọgbà ewúro bí ẹni pé mi ò sí níbẹ̀. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì nígbà náà. Awọ ti bo ọ̀kan, èkejì ń fi agídí ríran. Síbẹ̀ ó mọ ẹ̀ka tí alágẹmọ náà wà gan-an. Ó nawọ́ sí i, ó ní, "Òun nìyẹn. Bóo bá lè gbé e, gbé e, ká máa lọ."

Egbò ẹsẹ̀ yẹn ló gbé mi wá. Ìtọ̀ ṣúgà ló wà nídìí rẹ̀. Kùkùté kékeré kan ló gún un lóko, ó rò pé ó máa jinná fúnra rẹ̀, kò jinná. Àwọn nọ́ọ̀sì ní Ìlaròó sọ pé ọjọ́ méjì-méjì ni kó máa wá kí wọ́n máa fọ̀ ọ́, kí wọ́n sì tún un dì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n máa gé ẹsẹ̀ náà ni. Kí ìjọba tó ti bodè, ìyẹn kì í ṣe wàhálà. Ọkọ̀ wà, ọ̀kadà wà. Ìgbà tí wọ́n ti bodè tán, tí wọ́n tún ní kí ilé epo tó bá sún mọ́ ẹnu ibodè má ta epo mọ́, Ìmẹ̀kọ di ibi tí èèyàn ń fi ẹsẹ̀ rìn. Ọlọ́kadà tó bá sì rí epo díẹ̀ kò fẹ́ gbé arúgbó tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rùn. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni bàbá mi kò fi dé ilé ìwòsàn, kò sì sọ fún mi. Ẹlòmíràn ló pè mí. Ìgbà tí mo tú aṣọ tó fi di ẹsẹ̀ náà, mo sunkún, lẹ́yìn náà mo bínú, mo jágbe mọ́ ọn bí ẹni pé èmi ni mo bí i.

Mo ti mọ̀ nípa alágẹmọ yẹn tipẹ́. Ọdún tí ìyá mi kú ló wọ inú ọgbà ewúro náà, kò sì jáde mọ́. Àwọn ará àdúgbò ní kó lé e, pé kì í ṣe ohun tí èèyàn ń jẹ́ kó bá òun gbélé. Bàbá mi ní ohun tí òun mọ̀ ni pé ilé ti dá jù. Kò so ó mọ́lẹ̀, kò há a mọ́ ibì kankan. Láràárọ̀ ló máa ń gbé ife ẹ̀kọ rẹ̀ jáde, á jókòó, á máa retí kí oòrùn dé orí ewúro, nítorí alágẹmọ kì í mira kí oòrùn tó yá a lára. Á dúdú, á gan sórí ẹ̀ka bí igi gbígbẹ. Bí oòrùn bá ti kàn án, awọ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á yí ojú kan síwájú, á yí ọ̀kan sẹ́yìn, lẹ́yìn náà á na ahọ́n mú eṣinṣin kan. Ìgbà yẹn ni bàbá mi máa tó mu ẹ̀kọ tirẹ̀. Ó ní èèyàn kì í jẹun kí àlejò rẹ̀ tó jẹ. Ó ti sọ ìtàn yìí fún mi lórí fóònù láìmọye ìgbà. Etí ọ̀tún gbọ́ ọ, etí òsì dà á nù.

Mo gbà kí alágẹmọ náà bá wa lọ. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo wá páálí bisikíìtì kan, mo dá ihò sí i lára, mo já ẹ̀ka ewúro sínú rẹ̀. Bí mo ti ń dì í lọ́wọ́ ni bàbá mi sọ ohun tó di ẹrù sí mi lórí fún gbogbo ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Èdè Kétu tó máa ń sọ sí mi láti kékeré ló fi sọ ọ́. Mo tún un sọ bó ṣe máa yé gbogbo èèyàn.

"Bí ara rẹ̀ bá gba ibẹ̀, ara èmi náà á gba ibẹ̀. Bí ara rẹ̀ ò bá gba ibẹ̀, wàá dá àwa méjèèjì padà síbi tóo ti kó wa."

Mo ní mo ti gbọ́. Ọkàn mi sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ arúgbó ni. Ṣùgbọ́n mo mọ bàbá mi. Ohun tó bá ti ẹnu rẹ̀ jáde, ó ti jáde nìyẹn. Bí alágẹmọ náà bá kọ ilé mi, bàbá mi máa padà sí Ìmẹ̀kọ, bó bá sì padà sí Ìmẹ̀kọ, ẹsẹ̀ náà máa lọ.

Awakọ̀ kan, ará Ìlárá, ló gbé wa. Epo tó tọ́jú sínú kẹ́ẹ̀gì wà lábẹ́ àga ẹ̀yìn, òórùn rẹ̀ sì bo gbogbo wa mọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀. Ibi tí wọ́n ti dá wa dúró lọ́nà kò ṣe é kà. Ní ibi àkọ́kọ́, ọ̀gá aṣọ́bodè kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ na ìka sí páálí tó wà lẹ́sẹ̀ mi.

"Ìrẹsì mélòó ló wà nínú ìyẹn?"

"Alágẹmọ ni, sà."

Ó rò pé mo ń fi òun ṣe ẹlẹ́yà. Ó ṣí páálí náà fúnra rẹ̀. Alágẹmọ la ẹnu pupa sí i, ó sì fọn bí ejò. Ọkùnrin náà fò sẹ́yìn débi pé fìlà rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. "Ẹ máa lọ! Ẹ máa gbé e lọ!" Kò rántí wo abẹ́ àga mọ́. Láti ibẹ̀ lọ, bí awakọ̀ wa bá ti rí igi tí wọ́n gbé dí ọ̀nà, òun ló máa kọ́kọ́ pariwo pé, "Ẹ gbé páálí yẹn sókè, Màmá!" Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Títí a fi kọjá Ayétòrò ló ń rẹ́rìn-ín. Mi ò gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ yẹn.

Yàrá méjì àti ṣọ́ọ̀bù kan níwájú ni mò ń lò ní Ìlaròó. Opó ni mí, ọmọ mi kan ṣoṣo sì wà nílé ẹ̀kọ́ gíga lọ́nà jíjìn. Ìgbà tí a dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, mo fẹ́ wọlé tààrà nítorí apá ń ro mí, ṣùgbọ́n bàbá mi fi ọ̀pá rẹ̀ dábùú ọ̀nà.

"Ṣé báyìí la ṣe ń mú àlejò wọlé? Bu omi sí i lẹ́sẹ̀."

Ní ilé wa, ìyàwó tuntun kì í wọlé ọkọ kí wọ́n tó fi omi tútù fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè tu ilé lára, kí ilé náà lè tu òun náà lára. Mi ò rí ibi tí wọ́n ti ṣe é fún alágẹmọ rí. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí ju kí n máa jiyàn lọ. Kẹ́ẹ̀gì omi kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ káńtà, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n ń tà lọ́pọ̀ lẹ́bàá títì nígbà tí kò sí epo láti rọ sínú wọn mọ́. Mo ti fi ọṣẹ àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́, mo ti yí yanrìn nínú rẹ̀, mo ti sá a sóòrùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo bu omi nínú rẹ̀, mo da á sí alágẹmọ lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó fi ọwọ́ di ìka mi mú gírígírí, ara rẹ̀ tutù, ọkàn mi sì rọ̀ díẹ̀. Bàbá mi ní, "Ẹni bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù," ó wá gbé ọ̀pá rẹ̀ kúrò lọ́nà.

Inú ṣógíláàsì mi ni mo fi í sí. Kí wọ́n tó ti bodè, ṣógíláàsì yẹn máa ń kún dé ẹnu. Tòmátò alágolo, sùpàgẹ́tì, ọṣẹ olóòórùn dídùn, gbogbo ohun tó ń ti òdìkejì wọlé ló máa ń wà níbẹ̀. Ìgbà tí wọ́n ti bodè pa, mo ta gbogbo rẹ̀ tán, mi ò sì rí nǹkan kan fi dípò wọn. Ó ṣófo bẹ́ẹ̀ fún oṣù mélòó kan, mo sì ń nù ún láràárọ̀ bí ẹni pé àwọn oníbàárà máa ra gíláàsì. Mo yọ àwọn pẹpẹ inú rẹ̀, mo yọ gíláàsì òkè, mo fi nẹ́ẹ̀tì fèrèsé dípò rẹ̀ kí atẹ́gùn lè máa wọlé, mo gé ewúro àti ẹ̀ka gúáfà sínú ìgò omi, mo tò wọ́n sí i. Iṣẹ́ náà gbà mí ní odidi ọ̀sán kan. Ó pẹ́ tí mo ti fi ọwọ́ mi ṣe ohun kan tí inú mi dùn sí bẹ́ẹ̀.

Obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní pólì ni a jọ ń gbé ilé náà. Kò lè sún mọ́ alágẹmọ. Ẹnu ọ̀nà ló máa ń dúró sí, á fi ọwọ́ di àyà mú, á ní, "Ẹ̀yin ò bẹ̀rù, Màmá?" Ṣùgbọ́n aláàánú ni. Ó wo fóònù rẹ̀, ó sọ fún mi pé alágẹmọ kì í mu omi nínú abọ́, pé omi tó bá ń kán lára ewé ló ń lá, bí ìrì. Ó fún mi ní ìgò kan tí wọ́n fi ń fín omi sí irun. Mo bu omi inú kẹ́ẹ̀gì sínú rẹ̀, mo fín in sí ewé gúáfà náà títí ó fi ń kán. Alágẹmọ yí ojú kan sí ìkán omi, ó yọ ahọ́n, ó lá a. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ pe bàbá mi. Lẹ́yìn náà ó nu ẹnu mọ́ ara ẹ̀ka igi, lápá ọ̀tún, lápá òsì, bí ọmọdé tí wọ́n fún ní àgúnmu. Mo rò pé bó ṣe ń ṣe nìyẹn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán, mo ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́, ni mo gbọ́ ohùn bàbá mi láti inú yàrá.

"Ṣé ó jẹun?"

Mo wo inú ṣógíláàsì. Alágẹmọ wà ní igun kan, ó dúdú bí ìṣaasùn. Tata méjì tí mo fi sínú rẹ̀ lálẹ́ ń rìn kiri lórí gíláàsì. Mo rántí ọ̀rọ̀ tó sọ ní Ìmẹ̀kọ, mo rántí ẹsẹ̀ rẹ̀. Kí n tó mọ̀, ẹnu mi ti dáhùn.

"Ó ti jẹun, Bàbá. Tata kan."

Mo gbọ́ bó ṣe yíra padà lórí ibùsùn. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀." Mo gbé ẹ̀kọ rẹ̀ fún un, ó mu ún tán.

Bí irọ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láràárọ̀ ló ń bi mí, láràárọ̀ ni mo ń dáhùn. Ọjọ́ kan á jẹ́ tata méjì, ọjọ́ kan á jẹ́ ìrẹ̀ ńlá kan tó fẹ́ẹ̀ bọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Mo ń fi iyọ̀ sí irọ́ náà kó lè dùn. Bó bá ti mu ẹ̀kọ tán, màá lọ mú àwọn tata tí alágẹmọ kò fọwọ́ kàn, màá jù wọ́n sígbó lẹ́yìn ilé, nítorí ojú wọn ń tì mí. Ó ní kí n mú òun wá sí ṣọ́ọ̀bù kí òun wá kí i. Mo ní ilẹ̀ ibẹ̀ ń yọ̀, pé nọ́ọ̀sì kò fẹ́ kó máa tẹ ẹsẹ̀ náà. Ó ní kí n gbé e wá fún òun nígbà náà. Mo ní ibi tuntun ni, kí a má ṣe dà á láàmú. Gbogbo ìdáhùn ni mo ní. Bí mo ṣe ń bá àwọn oníbàárà mi sọ̀rọ̀ nígbà tí ọjà bá ti wọ́n ni mò ń bá bàbá tó bí mi sọ̀rọ̀.

Ohun tó sì dùn mí jù ni pé irọ́ náà ń ṣiṣẹ́. Bàbá mi ń lọ sílé ìwòsàn bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, òórùn ẹsẹ̀ náà dín kù. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, nọ́ọ̀sì pè mí kí n wá wò ó. Ẹran pupa tuntun ti ń yọ létí egbò náà. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó máa wá bẹ́ẹ̀. Bó bá tún fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wá, a ò ní gé nǹkan kan." Mo dọ̀bálẹ̀ fún ọmọdébìnrin náà níbẹ̀, èmi obìnrin. Mo gbàgbé pé kúnlẹ̀ ló yẹ kí n kúnlẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo padà sílé, mo kúnlẹ̀ níwájú ṣógíláàsì, mo ń bẹ alágẹmọ. Mo gbé e sóòrùn lówùúrọ̀, mo gbé e síbòòji lọ́sàn-án. Mo rò pé gíláàsì ló ń dẹ́rù bà á, mo fi aṣọ bo ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta. Mo mú eṣinṣin láàyè ní ẹ̀yìn ilé ìpẹran, mo so ó mọ́ òwú, mo ń fì í níwájú rẹ̀ bí aláìlójútì. Ó wò ó, kò na ahọ́n. Bí kò ti jẹun, mo ní ó kéré tán kó mu omi. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ni mò ń fín omi sí ewé. Nígbà tó yá, bí mo bá ti gbé ìgò náà sókè, á yí ẹ̀yìn sí mi, á máa fi gbẹ̀rẹ̀gbẹ̀rẹ̀ rìn lọ sí igun kejì. Bí kò bá lá a lára ewé, mo ń kán an sí i lẹ́nu pẹ̀lú ìyẹ́ adìyẹ. Mo ń fi agídí rọ ọ́. Ojú rẹ̀ tó máa ń yọ síta bẹ̀rẹ̀ sí í wọnú, ìhà rẹ̀ ń hàn, mo sì ń dá kún omi náà. Kò sí ẹni tó lè sọ pé mi ò gbìyànjú, ohun tó sì ń pa mí títí di òní nìyẹn.

Mo ronú láti wá alágẹmọ mìíràn fi rọ́pò rẹ̀. Mo lọ sí ìsọ̀ àwọn tó ń ta egbòogi lọ́jà. Wọ́n ní i, ọ̀pọ̀lọpọ̀, ṣùgbọ́n gbígbẹ ni gbogbo rẹ̀, wọ́n kó wọn jọ sínú igbá pẹ̀lú ẹnu wọn ní lílà. Ìyá tó ń tà á bi mí pé mélòó ni mo fẹ́. Mo yíjú padà, mo ń rìn kíákíá, ẹkún sì ń gbọ̀n mí lọ́nà.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún ló kú. Mo ti ilé ìwòsàn dé pẹ̀lú bàbá mi lọ́sàn-án, mo wọ ṣọ́ọ̀bù, mo rí i ní ìsàlẹ̀ ṣógíláàsì, ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí. Ó ti mọ́lẹ̀, ó fẹ́ẹ̀ funfun, irú àwọ̀ tó máa ń ní nínú oòrùn ní Ìmẹ̀kọ. Mo gbé e sí àtẹ́lẹwọ́. Kò tó nǹkan kan mọ́. Mi ò mọ bó ti pẹ́ tó tí mo fi dúró bẹ́ẹ̀, mo kàn gbọ́ ọ̀pá bàbá mi lẹ́yìn mi, kò, kò, kò, lórí ilẹ̀ tí mo ní ó ń yọ̀.

"Gbé e fún mi," ó ní.

"Ó ń sùn, Bàbá."

"Gbé e fún mi."

Mo gbé e fún un. Ó fi àtàǹpàkò pa á lára láti orí dé ìrù, ó wá gbé e sún mọ́ ojú rẹ̀ tó ń ríran, lẹ́yìn náà ó gbé e sí imú. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Ọmọ mi, kí ló dé tó fi ń rùn epo ọkọ̀?"

Mo ní kò rùn epo. Ó ní kí n gbé omi tí mò ń fún un wá. Mo gbé ìgò tí mo fi ń fín in wá. Ó fín díẹ̀ sí ọwọ́, ó gbóòórùn rẹ̀, ó na ọwọ́ náà sí mi. Mo gbóòórùn rẹ̀, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ó ní kí n gbé kẹ́ẹ̀gì náà wá. Ó fi imú sí ẹnu rẹ̀, ó gbé orí kúrò kíá, ó sì wo ibi tí mo wà pẹ̀lú ojú rẹ̀ méjèèjì, èyí tó ríran àti èyí tí kò ríran.

Àgbègbè tí a ti bí wa, kí a tó rí kẹ́ẹ̀gì omi kan, a ti rí ọgọ́rùn-ún kẹ́ẹ̀gì epo. Epo ń gba ẹ̀yìnkùlé wa kọjá, ó ń wọ aṣọ wa, ó ń wọ búrẹ́dì wa. Imú mi kò mọ̀ ọ́n yàtọ̀ mọ́. Omi inú ọ̀rá tí mo ń rà ni èmi àti bàbá mi ń mu, omi kànga ni mo ń gbé fún un láti wẹ̀. Alágẹmọ nìkan ni mo fún ní omi kẹ́ẹ̀gì yẹn. Bó ti wù ká se ebòlò tó, kò ní ṣàì rùn ìgbẹ́. Mo mọ òwe yẹn láti kékeré, mo sì rò pé ọsàn wẹ́wẹ́ àti yanrìn á ṣe é.

Mo wólẹ̀ níwájú rẹ̀. "Bàbá, ẹ má bínú. Mo pa irọ́ fún yín. Kò jẹun lọ́jọ́ kan rí."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀?"

"Láti àárọ̀ àkọ́kọ́. Ilẹ̀ ò tíì mọ́, oòrùn ò tíì yọ, o ní alágẹmọ ti jẹun. Alágẹmọ wo ló ń jẹun lókùnkùn? Ṣé gbogbo ohun tí mò ń sọ fún ọ lórí fóònù, o ò gbọ́ ọ̀kan níbẹ̀?"

Mi ò lè gbé orí sókè. Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi sọ̀rọ̀, kí ló dé tí kò fi ní kí n dá òun padà gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ. Ó rọra gbé alágẹmọ náà sórí káńtà.

"Mo rí i pé o fẹ́ kí n dúró. Látìgbà tí ìyá rẹ ti lọ, kò sí ẹni tó purọ́ nítorí kí n lè dúró. Ó dùn mọ́ mi. Mo ní alágẹmọ lè fi ọjọ́ mẹ́wàá gbààwẹ̀ níbi tuntun, pé bó bá yá á jẹ. Mo ń dúró dè ọ́ kóo wá sọ fún mi. Ká ní o wá ni, ǹ bá ní kóo gbé e wá kí n wò ó. Ọjọ́ náà gan-an ni ǹ bá ti gbọ́ òórùn omi yìí."

Kò jágbe mọ́ mi. Bó bá jágbe, ì bá sàn.

Ó ní òun máa lọ sin ín sídìí ewúro ní Ìmẹ̀kọ, pé òun máa padà wá kí ọ̀sẹ̀ tó parí, kí wọ́n lè máa bá ìtọ́jú ẹsẹ̀ náà lọ. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n sin ín sí ẹ̀yìn ilé mi. Ó ní, "Níbo? Nínú epo?" Èmi náà tẹ̀ lé e dé Ìmẹ̀kọ. Ó jókòó sórí àga rẹ̀, ó ń tọ́ka síbi tó yẹ kí n gbẹ́, mo gbẹ́ ẹ. Mo padà sí Ìlaròó lọ́jọ́ kejì nítorí ṣọ́ọ̀bù. Awakọ̀ ará Ìlárá ṣèlérí pé òun máa gbé e wá fún mi lọ́jọ́ Ẹtì.

Ọjọ́ Ẹtì, àwọn aṣọ́bodè gba epo lọ́wọ́ awakọ̀ náà lójú ọ̀nà. Kò sí alágẹmọ nínú ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ tó máa dẹ́rù bà wọ́n. Mo pe fóònù bàbá mi, kò wọlé. Kò sí epo fún jẹnẹrétọ̀ níbi tí wọ́n ti ń gba iná sí fóònù. Mo wá ọkọ̀ mìíràn, mi ò rí. Mo fi ẹsẹ̀ rìn dé gáréèjì láràárọ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, inú ń bí mi sí bodè, inú ń bí mi sí ìjọba, ṣùgbọ́n ẹni tí inú ń bí mi sí jù wà nínú aṣọ mi. Ìgbà tí mo rí ọkọ̀ dé Ìmẹ̀kọ níkẹyìn, mo ti gbọ́ òórùn ẹsẹ̀ náà kí n tó wọ ẹ̀yìnkùlé. Imú mi gbọ́ ìyẹn.

Ìsàlẹ̀ orúnkún ni wọ́n ti gé e.

Kò bá mi gbé mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló ń tọ́jú rẹ̀ ní Ìmẹ̀kọ, èmi ń lọ kí i bí ọkọ̀ bá ti wà. Wọ́n ṣí bodè nígbà tó yá, ọjà padà wọ ṣọ́ọ̀bù mi, mo sì ra ṣógíláàsì mìíràn nítorí mi ò lè wo èyí àtijọ́ mọ́. Bàbá mi kò fi ọ̀rọ̀ náà bú mi rí. Á bá mi ṣàwàdà, á bèèrè ọmọ mi, á fi bí inú mi ṣe ń tètè ru ṣe yẹ̀yẹ́ bó ṣe máa ń ṣe. Ṣùgbọ́n bí mo bá kúnlẹ̀ gbé omi fún un, ìbáà jẹ́ omi inú ọ̀rá tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gé lójú rẹ̀, á gba ife náà, á dúró díẹ̀, á kọ́kọ́ gbé e sí imú. Títí ó fi kú, kò mu omi kankan lọ́wọ́ mi láìṣe bẹ́ẹ̀.